Àpótí Tó Kọ̀ Jálẹ̀ Lọ́fíìsì Ọmọ Ogun Ojú Omi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ara tù mí: ẹ̀bi Bàbá Òmùwẹ̀ ni. Òun ló fi gọ́ọ̀mù lẹ àpótí náà pa. Òun náà ní ẹ̀bi tèmi ni, torí pé èmi ni mo po gọ́ọ̀mù. Títí di òní olónìí, a ò tíì parí ẹjọ́ yẹn.

Iṣẹ́ wa rèé. Ọdún méje ni mo ti ń po gọ́ọ̀mù kan tó ń lẹ̀ nínú omi iyọ̀, kí wọ́n lè máa fi dí ihò ara ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí òkun. Bàbá Òmùwẹ̀ ni igbá-kejì mi. Ogójì ọdún gbáko ló fi ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ogun lọ tún un ṣe. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò lè jókòó sílé kí ìyàwó òun máa rán òun níṣẹ́, ló bá wá bá mi. Àwa méjì, táǹkì omi iyọ̀ kan, àti yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Gbogbo ilé iṣẹ́ náà nìyẹn.

Owó ìrànwọ́ ọdún méjì tí ìjọba ń fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún ọmọ ogun ojú omi la ń lé kiri, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì ń gbà kí èèyàn tọrọ ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ìwé mi ti gùn jù. Lẹ́ẹ̀kejì, ìgbì ya wọ inú ọkọ̀ tó ń gbé wa sọdá lọ sí ọ́fíìsì wọn, ìwé rin gbingbin, tàdáwà ṣàn, akọ̀wé wọn sì fi ìka méjì gbá ìwé náà mú bí òkú èkúté. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Bí èyí bá tún bọ́, wọ́n á fi yàrá wa kó àga tó ti kán sí, èmi á sì padà sídìí kíkọ́ ọmọ iléèwé. Mo sọ fún Bàbá Òmùwẹ̀ pé bí ìwé yìí bá tún fi lè rẹ, èmi gan-an á bẹ́ sómi.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ó kó ìwé orí tábìlì mi sínú àpótí irin kan tó nípọn, ó fi gọ́ọ̀mù wa kun etí ìdérí rẹ̀ yípo, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé omi kankan ò ní débẹ̀. Mo yìn ín. Àní mo kí i kú iṣẹ́. A ti dé àárín omi kí n tó rántí bi í léèrè pé báwo la ṣe máa ṣí i. Ó yíjú sí òkun. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé kò tíì sí ohun tó ń tú gọ́ọ̀mù yẹn. Ohun tó máa tú u gan-an la fẹ́ fi owó ọdún kejì wá.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ la dé ọ́fíìsì wọn, àlàyé sì wà lára ògiri: akọ̀wé gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sójú ìwé kìíní kí aago méjìlá tó lù, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kà á sí pé ìwé ò dé. Akọ̀wé náà, obìnrin kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn, ni kí n ṣí àpótí mi. Mo ní kò ṣeé ṣí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wò bóyá mo ti jẹun. Ló bá mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ya lẹ́tà, ọ̀bẹ ká kò. Ó pe ọmọ ogun méjì, wọ́n gbé òòlù dé, orí òòlù yọ, ó fò gba ojú fèrèsé jáde. Wọ́n se omi gbígbóná dà sí i. Àpótí ò mira. Nínú ikùn mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú mi kó là. Bàbá Òmùwẹ̀ ní tiẹ̀ jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi bàbá ìyàwó, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé iṣẹ́ wa nìyẹn. Mo sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé tó bá tún yin nǹkan yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnu ẹ̀ ni mo máa lẹ̀ pa tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún. Àbúrò mi obìnrin ni, ọ́fíìsì tirẹ̀ wà lókè yàrá wa, ó sì ti yà síbẹ̀ lọ mu omi tútù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé kan wà lórí fíríìjì yín o. Ó mọ́ tónítóní, ẹ sì ti dì í dáadáa. Ṣé kì í ṣe èyí lẹ fẹ́ mú lọ?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìwé tó wà nínú àpótí ni èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kí n tó dà á kọ dáadáa, èyí tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá fọ́ọ̀mù yẹn jà. Gbogbo ìbéèrè tó bá bí mi nínú ni mo ti fi bírò pupa dá lóhùn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Níbi tí wọ́n ti ní àǹfààní wo ni òkun máa rí níbẹ̀, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n lọ bi òkun. Èyí tí mo kọ nípa àwọn ìgbìmọ̀ tó ń pín owó, mi ò ní tún un sọ níbí, torí pé wọ́n tọ́ mi nílé.

Bí èmi tí mo ti ń bẹ àpótí pé kó là ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó má là nìyẹn. Ọmọ ogun kan sì ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin dé. Mo sáré dì mọ́ àpótí, mo ní kò sẹ́ni tó máa gé e. Gbogbo wọn yanu. Ẹ̀rín wá pa mí, irú ẹ̀rín burúkú tó máa ń mú èèyàn níbi tí kò yẹ, mo sì ń rín in lórí àpótí, omi ń bọ́ lójú mi. Ariwo yẹn ló pe Ọ̀gágun jáde láti yàrá rẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó fi èékánná wá etí ìdérí, kò rí i. Ó bi wá pé ta ló ṣe é. Bàbá Òmùwẹ̀ nàka sí mi, èmi náà nàka sí i. Ó bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ parọ́ o, mi ò ní tàn yín, ẹnu mi ni kò gbà. Mo jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ìwé tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀, pé mo sì ti bú wọn síbẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ̀kan. Mo mú èyí tó rọ̀ jù.

"Mo kọ ọ́ pé ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yìí ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé ẹ̀."

Akọ̀wé rọra yọ awò ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é," ó ní. "Òótọ́ sì lẹ sọ. Tí mo bá ti rí ìgbì, èébì ni mo máa ń bì."

Ọ̀gágun fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Nígbà tó rí èémí mí, ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀," ó ní. "Kí lo fẹ́ kí gọ́ọ̀mù yìí ṣe?"

Ẹ gbà mí gbọ́, ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo kọ, kò sí ibì kankan tí wọ́n ti bi mí bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ kí ọkọ̀ tó bá luhò láàárín òkun lè gbé àwọn tó wà nínú ẹ̀ délé."

Bàbá Òmùwẹ̀, tó ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀, kọjú sí ògiri. Mi ò mọ ọkọ̀ tó rántí. Akọ̀wé ti fa ìwé funfun kan yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ mi sí i bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ìlà kan ṣoṣo. Ó ní òfin sọ pé ìwé gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé kìíní, kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ ní ìkejì. Mo fọwọ́ sí i. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ku ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n fún wa lówó ọdún méjèèjì. Mo pariwo, mo gbé Bàbá Òmùwẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí di báyìí. Àfi bí a ṣe rí ohun tí Ọ̀gágun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sísàlẹ̀: àpótí wà lórí tábìlì òun, ọjọ́ tí a bá rí ohun tó ń tú gọ́ọ̀mù, gbogbo ìgbìmọ̀ máa péjọ, èmi ni màá sì dìde ka ìwé inú rẹ̀ sétí wọn, àtèyí tó dúdú àtèyí tó pupa.

Mo ti rí ohun tó ń tú u, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Mi ò tíì sọ fún Bàbá Òmùwẹ̀.