Bátìrì Wọn Kún

Ẹnjiníà kan so ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gbóòórùn èéfín mọ́ àjà ilé ìkẹ́rùsí. Kí bátìrì má baà tètè tán, ó ní kí ọ̀kan máa ṣọ́nà, kí àwọn yòókù máa sùn títí yóò fi jí wọn láti tú omi sí iná. Ọ̀gá ibẹ̀ yìn ín títí. Ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá: bátìrì èyí tó ń ṣọ́nà kú, iná sì sọ. Ta ni yóò jí ẹnikẹ́ni? Àbúrò ẹnjiníà náà, ọlọ́dẹ tó fúnra rẹ̀ bá wáṣẹ́ síbẹ̀, jóná mọ́nú ilé.

Ìyá wọn bá a níbi tó ti ń tú àwọn ẹ̀rọ tó ṣẹ́ kù wò.

“Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?”

“Rárá, Màámi. Bátìrì wọn kún fọ́fọ́.”