Ta Ló Jó Agbédò?

Òkun Kíkorò kò sí nínú àwòrán ayé kankan, ẹ má wulẹ̀ wá a. Tabitha ló dá a sílẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olúmúyìwá, nígbà tí àwọn méjèèjì ń kàwé ní Àkọkà. Tabitha ń kọ ọ́, Múyìwá ń ya àwòrán rẹ̀. Àárín ilẹ̀ ni òkun náà wà. Odò ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n odò kankan kì í ṣàn jáde, iyọ̀ inú rẹ̀ sì le débi pé ó ń bó ara. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀fúùfù á gbé iyọ̀ náà dìde láti etí omi, á máa dà á sí àwọn ènìyàn lójú, ojú ọ̀pọ̀ ọmọ a sì máa fọ́ kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ilé bàbá wọn.

Ibi tó burú tó báyìí, àwọn kan ṣì rí i jẹ gàba lé lórí. Kò sí ibi tí ìyà ti ń jẹ ọmọ aráyé tí ẹnìkan kò ní gbé àga jókòó ti ìyà náà kó máa gba owó ibodè. Ní etí Òkun Kíkorò, àwọn tó ni kànga omi dídùn ló jókòó. Ìgbìmọ̀ Oníkànga ni wọ́n ń pè wọ́n. Òfin wọn kò gùn rárá: ẹni tí kò bá ní kànga kò ní ẹnu ní ìgbìmọ̀. Àwọn ará Agbédò ńkọ́, tí wọ́n kọ́lé sórí òpó láàárín omi, tí wọ́n ń pa ẹja tí wọ́n sì ń wa iyọ̀ tí gbogbo ìlú ń jẹ? Níbo ni wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ kànga? Nítorí náà wọn kò ní ẹnu. Àwọn Oníkànga á jẹ ẹja wọn tán, wọ́n á nu ọwọ́ nù, wọ́n á ní ará Agbédò ń rùn.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá, gbogbo kànga gbẹ. Àwọn ará Agbédò nìkan ló mọ ibi tí omi dídùn ti ń sun jáde nísàlẹ̀ òkun. Àwọn Oníkànga dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n búra pé bí wọ́n bá lè rí omi mu, ará Agbédò máa jókòó ní ìgbìmọ̀. Ará Agbédò fún wọn mu. Ọdún yípo, òjò padà, kànga kún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá pé ará Agbédò máa wọlé jókòó, àwọn Oníkànga rán ènìyàn sí wọn pẹ̀lú epo àti ògùṣọ̀. Wọ́n jó ìlú náà kanlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Omíyalé ti bọ́ lọ́wọ́ iná, ó tún padà wọlé lọ gbé ìyá rẹ̀. Kò jáde mọ́. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìwé náà dúró lé.

Ìwé náà pẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó bojú wò ó. Nígbà tó yá, Olóyè Bámilóyè, tó ń kó yanrìn dí etí ọ̀sà ní apá Bàrígà tó sì ń ta ilẹ̀ ibẹ̀, sọ pé òun fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́, òun máa san owó bébà àti owó ìtẹ̀wé. Ó yẹ kí Tabitha bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni tó ń dí omi ń wá nínú ìtàn àwọn tó ń gbé orí omi. Kò bi ara rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Àyúbà ní Ṣómólú ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ. Nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, á yẹ bébà àkọ́kọ́ tó bá jáde dáadáa wò, á fọwọ́ sí i. Ohun tó fọwọ́ sí ni wọ́n máa tẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè yọ atẹ̀wé lẹ́nu lẹ́yìn náà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Tabitha yà síbẹ̀. Kò ní nǹkan gidi tó fẹ́ ṣe, ó kàn fẹ́ gbóòórùn tàdáwà ìwé ara rẹ̀ ni. Ó mú bébà kan lórí òkìtì, ó kà á: “Àwọn ará Agbédò ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tiná bọ ilé wọn, nítorí ìlara tí wọ́n ní sí àwọn Oníkànga.”

Ó tún un kà. Ó wo etí bébà tí oníṣẹ́ fọwọ́ sí, ó sì rí i pé ìfọwọ́sí Múyìwá ni. 

Múyìwá wà nítòsí, ó ń wo àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé. Nígbà tí Tabitha na bébà náà sí i, kò ṣe bí ẹni tó yà lẹ́nu. Ó ní Olóyè ti ka ìwé náà, ó sọ pé ibi iná yẹn le jù, pé àwọn ènìyàn máa sọ pé ìjọba ni wọ́n ń bú. Ó ní gbólóhùn díẹ̀ ni wọ́n yí padà, gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà, òun kò sì sọ fún un nítorí òun mọ̀ pé ó máa dá wàhálà sílẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń tan ọmọdé kó lè gba oògùn mu.

“Tabitha, àròsọ ni,” ó ní. “Òkun tí kò sí ni. Ta ló kú níbẹ̀?”

Ọlọ́run ló kó Múyìwá yọ lọ́jọ́ náà, nítorí irin tí wọ́n fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ wà lórí tábìlì nítòsí ọwọ́ Tabitha.  Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní yunifásítì ni Múyìwá ti ń jẹ ẹja ìyá Tabitha. Ó mọ̀ pé bàbá Tabitha ti kú, ṣùgbọ́n àìsàn ni Tabitha sọ fún un pé ó pa á. Tabitha ká bébà náà, ó jáde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ wà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà létí ọ̀sà, ó ń yí ẹja bọ́ńgà padà lórí ààrò, èéfín bo ojú rẹ̀. Tabitha kò tíì sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún un rí. Ìyá náà kàn mọ̀ pé ọmọ òun ń kọ ìwé, ìyẹn náà tó o. Lọ́jọ́ yìí, Tabitha jókòó tì í, ó sọ ìtàn Òkun Kíkorò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kànga, ọ̀dá, ìbúra, iná. Nígbà tó dé ibi tí Omíyalé ti padà wọlé, ìyá rẹ̀ dáwọ́ ẹja dúró. Lẹ́yìn náà ni Tabitha ka ohun tí Olóyè fi rọ́pò rẹ̀.

 Ìyá náà béèrè bóyá àwọn ni ará Agbédò. Tabitha ní àwọn ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ni. Tabitha kò tíì lè rìn nígbà tí àwọn kan dé ní ìdájí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù, wọ́n jó ilé pákó tó wà lórí omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó jó o kò sọ ẹni tó rán wọn, kò sì sí ẹni tó wá ṣe ìwádìí. Eérú kò tíì tutù tán tí yanrìn fi dé.

“Kí ló dé tí o fi gbé bàbá rẹ lọ sí òkun tí kò sí?” ìyá rẹ̀ béèrè.

Tabitha ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní àwọn tó ṣe é ṣì wà láyé, wọ́n ti lówó sí i, kò sí bí ènìyàn ṣe lè dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbangba kó sì fi ọkàn balẹ̀ sùn. Ó ní òun rò pé nínú àròsọ, kò sí ẹni tó máa lè fọwọ́ kàn án.

“O fi pamọ́ lóòótọ́,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Wọ́n wá a débẹ̀, wọ́n tún un pa. Kò sì sí ẹni tó lè gbèjà rẹ̀, torí o ti gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Tabitha ju ti Múyìwá lọ. Inú bí i sí ìyá rẹ̀, inú sì tún bí i sí ara rẹ̀. Ìyá náà fa igi jáde lábẹ́ ààrò, ó bomi pa á, ó fọwọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni wọ́n wọ̀ padà sí Ṣómólú.

Bí Múyìwá ṣe rí ìyá Tabitha lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà kò sọ pé kó dìde. Ó ní òun gbọ́ pé ìwé ti jáde, kó ka ibi tí iná wà fún òun. Múyìwá wo ojú Tabitha, Tabitha na bébà sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá náà ní òun kò gbọ́, ẹ̀rọ ń pariwo. Bọ̀dá Àyúbà sì pa ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́, Múyìwá níláti kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, pé ará Agbédò ló fi ọwọ́ ara wọn tiná bọ ilé wọn. Nígbà tó máa fi kà á parí, òógùn ti bò ó.

“Èmi ará Agbédò nìyí,” ni ìyá Tabitha wí. “Ọwọ́ tí mo ní, mo fi ọ̀kan di ọmọ yìí mú lẹ́yìn mi. Èkejì ni mo fi ń fa ọkọ mi láṣọ kó má padà wọlé. Èwo ni mo fi tiná bọlé?”

Múyìwá kúnlẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀, Tabitha kò sọ fún òun. Òótọ́ ló sọ.

“Ṣé ó di ìgbà tí ẹ bá mọ òkú kí ẹ tó mọ̀ pé irọ́ ni?”

 Múyìwá fa gègé yọ, ó fẹ́ fagi lé ìfọwọ́sí rẹ̀, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Àyúbà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀pa kò bóró mọ́. Olóyè ló ni bébà, ó sì ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́. Bí òun bá kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́, àdúgbò kejì ni wọ́n máa gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ kò sì wọ́n ní Ṣómólú.

Tabitha rò pé òun máa fa gbogbo òkìtì náà ya ni. Ó mọ bí yóò ṣe dùn lọ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìbínú rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀, ó fìdí kalẹ̀.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́,” ó ní. “Kí Olóyè máa gbé òkun tí kò sí lọ. Àmọ́ ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ kọ èyí tó wà.”

Múyìwá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé ó mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n máa wá a délé. Tabitha ní òun mọ̀. Kò tún wojú rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí ìdì bébà kan, ó gbé ìwé pélébé kan lé orúnkún. Nígbà tó ń kọ Òkun Kíkorò, ọ̀rọ̀ ń sáré wá fúnra rẹ̀. Báyìí, kò mọ ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé.

Ìyá rẹ̀ kò jókòó. Ó dúró lé e lórí, ó ní kó kọ Àjàlá, orúkọ bàbá Tabitha, kó kọ Ìlàjẹ, kó kọ Bàrígà. Tabitha kọ wọ́n.

“Kọ orúkọ àwọn tó gbé epo wá náà,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Mo mọ̀ wọ́n. Àwọn ni mò ń ta ẹja fún láti ọjọ́ yẹn.”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn.