Ògiri Tàwa, Páànù Tiyín

Lọ́dún 1996, bí ìbò ṣe ń sún mọ́lé, gbogbo Yorùbá tó wà ní Tamale, lápá àríwá Ghana, ló mọ̀ pé Àmúdà àti Babáṣọlá kì í kí ara wọn mọ́. Àmúdà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ààfáà láti Ìlọrin, ń ta aṣọ ní Tishigu, òun sì ni alága ẹgbẹ́ ìjọba ládùúgbò. Babáṣọlá jẹ́ káfíńtà, ó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni alága ẹgbẹ́ alátakò. Lọ́dún tí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ló kó àwọn méjèèjì àti òbí wọn lọ sílé. Nígbà tí ilé ò gbà wọ́n, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n tún wọ̀ padà. Òṣèlú ló wá ráyè wọ àárín wọn.

Ṣalanga ló dá ìjà tọdún náà sílẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń lò ti wó sínú ihò ara rẹ̀ nígbà òjò, àwọn èèyàn sì ń jí lọ sínú igbó lọ́nà Sagnarigu kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹgbẹ́ Àmúdà gbẹ́ ihò tuntun, wọ́n mọ ògiri búlọ́ọ̀kù, wọ́n pín in sí yàrá yàrá, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí i gàdàgbà. Ibẹ̀ ni agbára wọn mọ. Kò sí òrùlé, kò sí ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ Babáṣọlá náà ò fẹ́ gbẹ́yìn, wọ́n kó páànù àti pákó ilẹ̀kùn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Babáṣọlá rí orúkọ tó wà lára ògiri, ó ní òun ò ní fi páànù ẹgbẹ́ òun bo ẹgbẹ́ ẹlòmíì lórí. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àmúdà ní kò burú, ògiri àwọn ò bẹ ẹnikẹ́ni ní fìlà.

Báyìí ni Tishigu ṣe ní ògiri tí kò lórí, tó tún ní òrùlé tí kò lẹ́sẹ̀.

Abdul-Ganiyu, ọkùnrin kan tó ń la aráàlú lọ́yẹ nípa ìbò, ló wá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn iléèwé kan nítòsí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ ni bí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe lè fohùn ṣọ̀kan lórí ìmọ́tótó orílẹ̀-èdè. Àwọn èèyàn wá láti Choggu àti Sagnarigu. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pín wáàkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀, pẹ̀lú ẹja tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Ara fu àwọn èèyàn, wọ́n yọ ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmúdà àti Babáṣọlá tí wọ́n jókòó lórí pèpéle, tí ọ̀kan ò fẹ́ kí èkejì jẹ ju òun lọ, jẹ tiwọn tán tẹja-tẹja, wọ́n tún bèèrè sí i.

Àmúdà ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ̀yin èèyàn wa, ìjọba wa ò ní sinmi títí..." Ó di tábìlì mú, òógùn bò ó.

"Ṣé ẹ rí i?" Babáṣọlá wí fún àwọn èèyàn. "Wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́..." Òun náà fọwọ́ di ikùn mú.

Wọ́n jọ jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé wà ní títì, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí Yendi. Ògiri tí kò lórí nìkan ló wà nítòsí. Àmúdà ká babanríga rẹ̀ dé àyà, Babáṣọlá ń tú bẹ́líìtì lójú ọ̀nà. Yàrá tó fara kanra ni wọ́n wọ̀.

Ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ariwo. Àwọn ará ìpàdé rò pé wọ́n jáde lọ jà ni, wọ́n sì ń bọ̀ wá wòran. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ̀gbọ́n bàbá Àmúdà, òun náà ló gbẹ̀bí Babáṣọlá. Ìyá àgbà wò wọ́n, ó ṣí màyáfì, ìborùn gbígbòòrò rẹ̀, kúrò lórí, ó nà án bo ẹnu ọ̀nà méjèèjì.

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn," ó wí fún àwọn èèyàn. "Wọ́n ń ṣèpàdé."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Orúnkún ń dùn mí, mo sì ń wọ igbó lójoojúmọ́ nítorí yín. Lánàá, èmi àti ejò la jọ du ibì kan. Ẹ fẹnu kò, àbí kí n ká màyáfì mi?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a," Babáṣọlá wí.

"Ó dọwọ́ yín."

"Ṣọlá, páànù dà?" Àmúdà bèèrè.

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Pa orúkọ yẹn rẹ́, kí n wá kàn án."

"Àwa la mọ ògiri. Orúkọ wa ò ní kúrò níbẹ̀."

Babáṣọlá fọwọ́ gbá ògiri tó wà láàárín wọn. "Àmúdà, fa imú."

Àmúdà fa imú.

"Nígbàkúùgbà tí òórùn yìí bá jáde, orúkọ ta lo fẹ́ kí aráàlú máa kà?"

Àmúdà ò tíì gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibẹ̀ yẹn rí. "Màá pa á rẹ́," ó wí.

"Èmi náà ò ní kọ nǹkan kan sí páànù."

"Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?" Wúlẹ̀mọ̀tù bèèrè.

Ó sọ màyáfì kalẹ̀ díẹ̀.

"Oṣù kan àwa, oṣù kan àwọn," Àmúdà sáré wí.

"Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?" Màyáfì tún wálẹ̀.

"Àwa ni," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé omi wá. Bútà kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Àmúdà lò ó, ó sì gbé e gba orí ògiri fún Babáṣọlá.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, Babáṣọlá kan páànù, Àmúdà di àkàbà mú fún un. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ méjèèjì bínú. Àwọn ọ̀gá Àmúdà pè é, wọ́n ní ta ló rán an níṣẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn fi ọ̀dà kọ orúkọ náà padà. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ní ti fífọ̀, ó di ìdíje. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lóṣù tirẹ̀, èkejì wọ́n lọ́fínńdà sí i.

Abdul-Ganiyu tún pe ìpàdé mìíràn. Ó ní kí àwọn alága méjèèjì ṣàlàyé ọgbọ́n tí wọ́n dá, kí àwọn ará Choggu lè kọ́ ọ. Wọ́n wo ara wọn.

"A jókòó," Àmúdà wí.

"A jókòó dáadáa," Babáṣọlá wí. "A sì rí i pé ìṣòro kan náà ló ń bá wa fínra."

Wúlẹ̀mọ̀tù bo ojú mọ́nú màyáfì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ ṣé o," ọkùnrin kan láti Choggu wí. "Báwo lẹ ṣe jókòó pẹ́ tó?"

"Títí ó fi tán," Àmúdà dáhùn.

Ìbò dé, oníkálukú dì í fún ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí owó epo níwájú ṣọ́ọ̀bù Babáṣọlá, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ti ń jà á báyìí.