Máṣíìnì Mi Ò Yìnbọn Mọ́

1.

…wọ́n sì tún ti wà lábẹ́ tábìlì, aṣọ oníbàárà ṣì há sẹ́nu abẹ́rẹ́. Èmi ni mo fà á. Mo tú ọwọ́ iná máṣíìnì mi tí mò ń gùn sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ́ wọ ilé wa, sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde sì dún.

pá.

     pá-pá.

Àǹtí mi ni mò ń sọ, tí wọ́n fi aṣọ rírán tọ́ mi dàgbà. Àwọn adigunjalè ti yìnbọn wọ ṣọ́ọ̀bù wọn rí. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ ò dìde mọ́.

2.

ÌKÌLỌ̀ (lára géètì)

ÌWỌ TÓ NI MÁṢÍÌNÌ. A GBÀ KÓ O GBÉ MÁṢÍÌNÌ WỌLÉ. A Ò GBÀ KÓ O GBÉ ÌBỌN WỌLÉ. TÚN UN ṢE, TÀBÍ KÓ O KÓ JÁDE.
— Láńlọ́ọ̀dù

3.

Ọgbọ́n tèmi: mo pa ẹ́ńjìnnì lókè, mo jẹ́ kí máṣíìnì yí wálé fúnra rẹ̀. Àǹtí ò gbọ́ mi títí mo fi ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ju sísọ́ọ̀sì lù mí. Àpá rẹ̀ nìyí létí mi. Ọlọ́gbọ́n ọmọ.

5.

(Mi ò mọ ibi tí 4 wà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Gírísì:

Ọ̀GÁ GÍRÍSÌ: Ṣé tó o bá tú ọwọ́ iná sílẹ̀ ló ń dún?
ÈMI: Ìgbà yẹn gan-an ni.
Ọ̀GÁ GÍRÍSÌ: Epo tí ò jó tán ló ń sá wọ sàlẹ́ńsà. Rọ́bà yìí ló ń gbé atẹ́gùn lọ bá a níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á gbiná. A máa fi bóòtù kékeré dí rọ́bà yẹn.
ÈMI: Kò sí nǹkan míì?
Ọ̀GÁ GÍRÍSÌ: Àbí o fẹ́ kí n gbàdúrà sí i? Ará ilé ńkọ́?
ÈMI: Wọ́n wà.

6.

Mo gùn ún lọ sókè, mo sọ̀ kalẹ̀. Kò dún. Mo tún lọ. Kò dún. Mo sunkún lórí máṣíìnì bí ọmọdé.

7.

Èmi (lórí fóònù): Àǹtí, mo ti tún un ṣe. Mò ń bọ̀. Kò ní dún.
Àǹtí: O ṣeun, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run á tún tìẹ náà ṣe.

8.

Wọ́n wà lábẹ́ tábìlì.

9.

ÈMI: Àǹtí, èmi ni.
ÀǸTÍ: Mo mọ̀ pé ìwọ ni.
ÈMI: Kò dún o.
ÀǸTÍ: Mo gbọ́ ọ.
ÈMI: Kí lẹ gbọ́?
ÀǸTÍ: Ìbọn. Ó ti ń dún kó o tó dé.
ÈMI: Kì í ṣe máṣíìnì mi.
ÀǸTÍ: Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Nígbà tí máṣíìnì rẹ ṣì ń dún, tí ara mi bá ti balẹ̀ díẹ̀, màá ní máṣíìnì àbúrò mi ni. Màá fi ìyẹn tan ara mi, màá dìde, màá ránṣọ. Kí ni kí n wá máa sọ fún ara mi báyìí?

Ayé sú mi.

9 (síbẹ̀).

Máṣíìnì wà níta, mo ti pa á. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

“Ó tún ti dún,” Àǹtí ní.

Mo wọ abẹ́ tábìlì lọ bá wọn.

“Máṣíìnì mi ni, Àǹtí. Ẹ má bínú.”