Fàájì Jákọ́bù

Òyìnbó kan ló kó bá wọn. Òyìnbó náà ń ra ẹ̀kùrọ́ àti kòkó lẹ́bàá téṣàn Ẹdẹ, láyé ìgbà tí rélùwéè kò jẹ́ ìran mọ́ ṣùgbọ́n tí ọmọdé àti àgbà ṣì ń sáré jáde wo mọ́tò. Jákọ́bù ni akọ̀wé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òyìnbó yìí bá ti mu ọtí díẹ̀, kò ní ìtàn mìíràn ju bí òun àti ìyàwó òun ṣe wa mọ́tò la gúúsù ilẹ̀ Faransé kọjá lọ. Wọn ò lọ kí ẹnikẹ́ni, wọn ò lọ gba nǹkan kan, wọn ò lọ sin òkú. Wọ́n kàn ń lọ ni. Wọ́n rí igi, wọ́n dúró. Wọ́n rí odò, wọ́n dúró. Wọ́n kó àwo àti ife sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí koríko, wọ́n jẹun, wọ́n sì tún gbéra láìbi ara wọn pé níbo là ń lọ gan-an. Èmi ti rí wèrè tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wèrè fi ń rìn, kì í jó epo mọ́tò.

Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé, ó ta ògbólógbòó Fọ́ọ̀dù rẹ̀ fún Jákọ́bù. Mọ́tò dé ọwọ́ rẹ̀, ìtàn Faransé sì bá a wọlé. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ lẹ́yìn ìsìn, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá wá kí i, ó sì ń sọ ọ́ fún Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ lálaalẹ́ títí tí obìnrin náà fi mọ orúkọ oríṣiríṣi ọtí tí kò tọ́ wò rí.

Ohun tó wà lọ́kàn Fọlákẹ́ ju ọtí òyìnbó lọ. Ọdún ń gorí ọdún, kò tíì bímọ. Ìyá Jákọ́bù, Àkànkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, ẹnu ìyá yìí kò sì sinmi. Bí ewúrẹ́ bá bímọ lágbàlá, á ní ewúrẹ́ yìí mọ ohun tó tìtorí ẹ̀ wá sílé onílé. Bí adìyẹ bá pa ọmọ, á bẹ̀rẹ̀, á kí adìyẹ náà kú ewu, á sì rí i pé Fọlákẹ́ wà nítòsí kó tó kí i. Fọlákẹ́ á gbé e mì. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run: kí wọ́n má ṣe dá òun padà sí ilé bàbá òun ní Ara. Obìnrin tí ọkọ bá dá padà, bàbá rẹ̀ kì í lé e, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ní í máa bá a jẹun.

Àfi lójijì tí ìyá ọkọ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹja inú ọbẹ̀ tirẹ̀ sí ti Fọlákẹ́. Ó ń pè é ní ìyàwó mi àtàtà. Kò pẹ́ sí i tí Jákọ́bù fi sọ pé òun pẹ̀lú rẹ̀ máa lọ ṣe fàájì bí àwọn ará Faransé, àwọn á máa lọ jẹ́jẹ́, wọ́n á sì dé Ara kó lè fojú kan ìyá rẹ̀. Inú Fọlákẹ́ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó ń kọrin. Ó ní orí òun ti gbọ́, ilé ọkọ ti gba òun. Ìyá ọkọ ní kó lọ dirun, kó fi ẹrù sílẹ̀, òun fúnra òun á bá a dì í. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá ọkọ, ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Nígbà tí Fọlákẹ́ fi dirun dé, àpótí onígi ńlá ti wà lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ti fi okùn dè é gírígírí.

Ìrìn wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Ara láti Ẹdẹ, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn níwájú rẹ̀. Jákọ́bù kọ ẹ̀yìn sí i, ó dorí mọ́tò kọ Alájùé. Fọlákẹ́ ní àbí àwọn ti ṣìnà ni. Jákọ́bù ní fàájì kì í gba ọ̀nà tààrà. Ó ní ọ̀nà tààrà, ti àwọn tó ń lọ sọ́jà ni. Ìrìn tí mọ́tò náà ń rìn, obìnrin kan tó ru ẹ̀kọ bá wọn lẹ́yìn, ó kí wọn, ó kọjá wọn, ó sì tún dúró dè wọ́n níwájú bóyá wọ́n máa ra. Jákọ́bù ní arúgbó ọkọ̀ ni, kò lè sáré mọ́, pé bó bá tiẹ̀ lè sáré, fàájì kọ́ ni wọ́n fi ń sáré ṣe.

Ní Alájùé, wọ́n dúró lábẹ́ igi ọsàn kan. Jákọ́bù sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo ewé. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Sìmbíátù ń bó ẹ̀gúsí níbẹ̀. Ó wo mọ́tò, ó wo àpótí, ó wo irun Fọlákẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di, ó bi í pé níbo ló ń lọ. Fọlákẹ́ ní ilé bàbá òun ni, ní Ara. Ìyá náà fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó dìde, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ní pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, orí á ṣe èyí tó kù. Ó wọlé, ó bu iyọ̀ sínú ewé fún un, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ọ̀ràn bá.

Ẹ̀rín pa Fọlákẹ́. Ó jókòó ti ìyá náà, ó fẹ̀sọ̀ là á lọ́yẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ń bá ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀, pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, pé fàájì ni, pé àwọn ọ̀làjú níbi tí wọ́n ń pè ní Faransé a máa rìn láìnídìí.

Sìmbíátù gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ọmọ mi, ìrìn tí kò nídìí kò sí. Ìdí rẹ̀ lè má tíì dé etí tìẹ ni.”

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín wọnú mọ́tò. Ó ní àwọn ará oko kò lajú. Ó sì mú iyọ̀ náà dání, nítorí pé iyọ̀ wọ́n nígbà yẹn.

Wọ́n yí padà sí Ẹdẹ, wọ́n gba etí odò Ọ̀ṣun. Níbẹ̀ ni Jákọ́bù tún ti dúró. Fọlákẹ́ tẹ́ aṣọ sórí koríko, ó gbé iṣu àti ẹja inú agolo jáde, ó ní kí ọkọ òun wá jẹ. Ọkùnrin náà ń wo omi. Ó wo omi títí iṣu fi tutù. Fọlákẹ́ kò dí i lọ́wọ́, ó ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Faransé nìyẹn, ó sì ń ṣe bí ẹni ń wo omi pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú ọ̀nà Ara nígbẹ̀yìn, Jákọ́bù tún rí igi kan tó wù ú, ó pa ẹ́ńjìnnì. Wọn ò tíì gbádùn igi náà tí àwọn àgbẹ̀ fi yọ láti inú oko. Afọlábí ni aṣáájú wọn, ọkùnrin alágbára. Mọ́tò tó bá dúró sábẹ́ igi, lójú tiwọn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Jákọ́bù ní kò bàjẹ́. Afọlábí ní kó má tijú, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni gbogbo ni. Wọ́n fi ọkọ́ lélẹ̀, wọ́n fi èjìká ti mọ́tò, wọ́n ń tì í lọ pẹ̀lú orin, Jákọ́bù ń pariwo nínú rẹ̀, wọ́n rò pé ó ń gbe orin. Wọ́n tì í títí tí òrùlé ilé ìbẹ̀rẹ̀ Ara fi hàn. Wọ́n bá nu òógùn, wọ́n ń dúró de ọpẹ́.

Ìjà ni Jákọ́bù gbé kò wọ́n. Ó bú wọn bí ẹni pé kànga ni wọ́n tì í sí. Ojú ti Fọlákẹ́, òun ló kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò yé e bí ẹni tí wọ́n bá ṣe lóore, tí wọ́n tì dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀, ṣe lè bínú tó bẹ́ẹ̀.

Ògúnlànà, bàbá Fọlákẹ́, ń bọ ọfà rẹ̀ lápó nígbà tí mọ́tò wọ agbo ilé. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ ṣáájú. Gbogbo ilé jáde, wọ́n rí ọkọ, wọ́n rí ìyàwó, wọ́n rí àpótí, ẹ̀rín tó wà lẹ́nu wọn sì gbẹ. Jákọ́bù dọ̀bálẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn àgbà kó ara wọn jọ, wọ́n jókòó, wọn ò béèrè àlàáfíà ilé. Àbẹ̀kẹ́, ìyá Fọlákẹ́, ní òun á tú aṣọ ọmọ òun kó má baà rún. Ó ṣí àpótí.

Mo ní láti sọ ohun kan fún yín kí ẹ tó rí ohun tó rí. Nínú ìdílé Ògúnlànà, igbá fínfín onídèrí ni ìyàwó fi ń wọ ilé ọkọ. Tọkọtaya á jẹun nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó di abẹ́ ibùsùn. Igbá yìí kì í jáde nílé ọkọ mọ́, àfi tí obìnrin náà bá kú, tàbí tí ọkọ bá ní òun ò fẹ́ mọ́. Kì í tẹ̀ lé ìyàwó lọ sóde, kì í tẹ̀ lé e lọ sọ́jà.

Àbẹ̀kẹ́ gbé igbá náà jáde. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Ara Fọlákẹ́ tutù wá. Ó rántí ẹja inú ọbẹ̀. Ó rántí ẹni tó di ẹrù. Iyọ̀ Sìmbíátù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì há mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹ̀gún. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè wo ojú ọkọ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

Ògúnlànà ní, “Àna wa, kí lẹ gbé wá?”

Òógùn bo Jákọ́bù. Gbogbo ilé ń wò ó. Ó wo igbá, ó wo Fọlákẹ́ tó dorí kodò, ó tún wo igbá.

Ó ní, “Fàájì ni, Bàbá.”

Jákọ́bù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn Faransé, ọ̀rọ̀ ń ya lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ó ní bí àwọn ọ̀làjú bá ń ṣe fàájì, wọn kì í jẹun nínú àwo onílé, tiwọn ni wọ́n ń gbé rìn. Ó ní ohun tí igbá ń ṣe nínú mọ́tò nìyẹn, pé nínú rẹ̀ làwọn fẹ́ ti jẹun.

Ògúnlànà kì í ṣe ọmọdé. Ó ti dọdẹ títí, ó mọ ẹran tó ń wá ibi tó máa gbà sá, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn ṣí ọ̀nà fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní fàájì yìí mà dára, pé àwọn ará Faransé gbọ́n. Ó ní kí wọ́n gúnyán. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi níwájú gbogbo ilé, wọ́n kó iyán sínú igbá ìyàwó, wọ́n ní kí ọkọ òun ìyàwó máa ṣe fàájì wọn. Àwọn méjèèjì jẹun nínú rẹ̀, òkèlè ọ̀kan ń kan ti èkejì, àwọn àgbà ń wò wọ́n bí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, bàbá fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ Jákọ́bù.

Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ò sí nílé yìí.”

Jákọ́bù tún dọ̀bálẹ̀, ó ṣàmín.

Wọ́n gbéra padà. Ọ̀nà tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sán rìn, mọ́tò náà gbá a mú. Ó sáré kọjá oko Afọlábí, ó sáré kọjá igi, adìyẹ ń fò sá lọ́tùn-ún lósì, odò Ọ̀ṣun kàn tàn yẹ̀ẹ̀ ni, ó kọjá lọ. Fọlákẹ́ di igbá mú lórí itan.

Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, “Ṣé ọkọ̀ yìí mọ eré sá báyìí?”

Jákọ́bù kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Àlọ ló wúwo.”

Nígbà náà ló jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló ní kó gbé e lọ sí Ara bí ẹni lọ sinmi, kó má gbé e bọ̀, kó sì pè é ní fàájì kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà gbọ́. Òun kò lè kọ̀ fún ìyá, òun kò sì lè ṣe é. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi í jẹ́. Jákọ́bù kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi tọmọ jẹ́ ẹ, ló bá ń rọra wakọ̀, ló ń wo ewé, ló ń wo omi. Inú bí Fọlákẹ́. Àánú ọkọ rẹ̀ tún ṣe é, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú rẹ̀. Ó gbá igbá mọ́ra títí wọ́n fi wọ Ẹdẹ.

Ìyá Jákọ́bù ti gbọ́ fèrè mọ́tò. Ó ti gbá yàrá Fọlákẹ́, ó ti kó iṣu tirẹ̀ síbẹ̀. Ó jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín láti pàdé ọmọ rẹ̀ nìkan. Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé igbá rù bí ìyàwó tuntun, ó rìn dé iwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Ó ní, “A ti dé, Ìyá. Ẹ kú ilé. Fàájì náà dùn púpọ̀. Ọkọ mi ní bí epo mọ́tò bá tún wà, ẹ̀yin ló kàn tí òun máa gbé lọ sílé bàbá yín.”