Ìwé Inú Báàgì Ìyá Nasrullah

"Kò sí nǹkan kan tó fẹ́ kí ẹ bá òun yí padà," ni Ìyá Nasrullah dáhùn. "Ara ẹ̀ le, ó ń jẹun dáadáa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Kì í ṣe òun ni wọ́n bi. Ikhlas, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í, ni Olúkẹ́mi nawọ́ sí, tó bi pé kí ló fẹ́ kí wọ́n bá a yí padà ládùúgbò. Olúkẹ́mi ló ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Sátidé náà nínú gbọ̀ngàn kan ní Agbowó, lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti bí gbogbo aráàdúgbò, títí kan àwọn tí ojú wọn kò ríran tàbí tí etí wọn kò gbọ́rọ̀, ṣe lè máa dá sí ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n. Ikhlas kò tíì gbé ọwọ́ sókè tí ìyá rẹ̀ fi dáhùn tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún méjìdínlógún, ìgbà tí ibà ti gba etí ọmọ náà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ikhlas léèrè orúkọ, ìyá rẹ̀ ní ń dá a lóhùn. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í níbi tó ń dùn ún, ìyá rẹ̀ ní ń júwe ibẹ̀, àfi bí ẹni pé òun gan-an ló ń dùn.

Ohun tí Ìyá Nasrullah kò fọkàn sí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró níwájú, tí wọ́n ń pè ní Gbádérọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fi ọwọ́ sọ gbogbo ohun tí ẹnu bá sọ, kí ó sì máa fi ẹnu sọ gbogbo ohun tí ọwọ́ bá sọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí o, kì í yọ ọ̀kan sílẹ̀. Bí Ìyá Nasrullah ṣe ń sọ pé ara ọmọ òun le, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Gbádérọ̀ ń sọ ọ́ fún ọmọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ikhlas yóò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ lórúkọ rẹ̀.

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dìde.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," ni Gbádérọ̀ wí.

Ìyá Nasrullah kọjú sí i. "Ta ló ní o sọ nǹkan kan?"

"Kì í ṣe èmi, mà. Ikhlas ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń gbé e jáde."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Nasrullah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí ọmọkùnrin yìí láti àárọ̀. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin kò yẹ kó yá tó bẹ́ẹ̀, pàápàá níwájú ọmọbìnrin ẹni.

Télọ̀ ni Ìyá Nasrullah. Hìjáàbù àti aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí gbọ̀ngàn náà, Ikhlas ló sì jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì. Nígbà tí Olúkẹ́mi wá pe Ikhlas sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ìyá rẹ̀ ní òun yóò tẹ̀lé e. Ó bi Olúkẹ́mi pé, "Ẹni tí ò gbọ́rọ̀, ta ni yóò bá a gbọ́ ọ?" Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà tí kò sọ síta. Ó ti lé ní ọdún kan tí Ikhlas kò ti dá nìkan kọjá gééètì ilé wọn. Ìfura loògùn àgbà, Ìyá Nasrullah sì ń lo oògùn náà láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀," ni Olúkẹ́mi wí. Ó wá ṣàlàyé fún gbogbo wọn pé àwọn fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa lọ sí ìpàdé kan ní Dúgbẹ̀ lóṣooṣù, níwájú àwọn tó ń bójú tó ilé ìwòsàn àdúgbò. "A ò fẹ́ ẹni tí yóò lọ ròyìn ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹni tójú ẹ̀ ti rí nǹkan la fẹ́."

Ikhlas dìde dúró. Ìyá rẹ̀ fa etí aṣọ rẹ̀ pé kó jókòó, ó sì rọra gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yára. Ìyá Nasrullah kò rí i rí kí ọmọ yìí sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nílé, ọ̀rọ̀ wọn kì í ju ìka méjì mẹ́ta lọ: wá jẹun, lọ gbálẹ̀, ó yá ká kírun. Ojú Ikhlas ń là, ó ń pa dé, èjìká rẹ̀ ń dìde, ó sì tún máa ń gbé ọwọ́ kan sẹ́nu, bí ẹni tó fẹ́ fi eyín já nǹkan. Kí ni ó ń já? Ìyá Nasrullah na ọrùn. Bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn, ó wù ú láti mọ̀.

"Ọjọ́rú ni," ni Gbádérọ̀ ń wí tẹ̀lé e, "lẹ́yìn Iléyá èṣí. Màmá mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Mòníyà. Etí mi ọ̀tún ń ṣọyún. Ẹni bá rò pé etí tí kò gbọ́rọ̀ kì í dunni, irọ́ ni. Mo dá nìkan lọ sí ilé ìwòsàn. Mo gba káàdì, mo jókòó. Nọ́ọ̀sì ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń pe orúkọ. Mo ń wo ẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì ọwọ́ ẹ̀ bo ẹnu ẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn mi wọlé, wọ́n ti jáde. Mo dìde, mo fi káàdì mi hàn án, ó nawọ́ sí bẹ́ńṣì pé kí n lọ jókòó. Mo jókòó títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn."

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà," ni Ikhlas tún fi ọwọ́ sọ, tí Gbádérọ̀ fi ẹnu gbé e. "Kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà fún wa ni mo fẹ́, kí wọ́n sì máa gbé nọ́ńbà náà sókè kí ojú lè rí i. Páálí lásán tó fún un."

"Ó ṣeun, ọmọ mi!" ni bàbá arúgbó kan ké láti ẹ̀yìn. "Èmi tí etí mi ti ń di yìí, ọjọ́ mélòó ni wọn ò ti fò mí kọjá níbẹ̀!"

Olúkẹ́mi ti kọ́ wọn láàárọ̀ pé àwọn adití kì í pàtẹ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń jù lókè. Kíá ni ọwọ́ kún inú afẹ́fẹ́. Ti Ìyá Nasrullah nìkan ló wà lórí báàgì rẹ̀.

Àlàrùba lẹ́yìn Iléyá èṣí. Ta ló tún fẹ́ rán an létí ọjọ́ náà? Ó ti Mòníyà dé, ó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Nígbà tí Ikhlas fi wọlé, wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀ǹgàríbì, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tó rẹwà, tí kò lè pariwo bí ẹnikẹ́ni bá dì í mú: ibo ló ti ń bọ̀? Kí ó tó lè júwe ohunkóhun, ìyá rẹ̀ ti fọ́ ọ létí. Etí ọ̀tún ni. Ó rántí i báyìí pé etí ọ̀tún ni.

Ikhlas jókòó sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ nǹkan sínú bébà kan, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Nasrullah mọ̀wé o. Kò sí ojú ewé Àlùkùránì tí kò lè kà láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ABD kò wọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rí, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé àwọn adití. Ìwé méjì ló wà nínú ilé kan náà, èyí kò gbọ́ ti èkejì. Ta ni ìbá kà á fún un? Àbúújá ni Nasrullah, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wà. Bí ó bá gbé e fún ará ilé, tó bá jẹ́ orúkọ ọkùnrin ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ oyún ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Agbowó ti gbọ́. Ó ká bébà náà, ó fi há inú ìwé àdúà kékeré tó máa ń wà nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Ikhlas fi ń sunkún lórí ibùsùn. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Ìyá Nasrullah dìde. Ó bọ́ sí iwájú níṣojú gbogbo ènìyàn, ó tú báàgì, ó yọ bébà tó ti ń ya níbi tí wọ́n ká a sí.

"Ọmọ mi," ni ó sọ fún Gbádérọ̀, "bá mi ka èyí. Jẹ́ kí ohùn ẹ wálẹ̀."

Gbádérọ̀ kò tíì ṣí i. "Ìwé Ikhlas ni, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀."

Nígbà mìíràn, Ìyá Nasrullah ìbá ti bi í pé láti ìgbà wo ni a ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ ẹni. Lọ́tẹ̀ yìí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọmọ rẹ̀ lè rí wọn. Ikhlas rí bébà náà, ó mọ̀ ọ́n, ẹnu sì yà á pé ó ṣì wà. Ó mi orí pé kí ó kà á.

Gbádérọ̀ rọra ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ó ti ń kà á: "'Màámi, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí ẹ tìtorí mi pa ìsọmọlórúkọ tì. Ilé ìwòsàn ni mo lọ. Wọ́n pe orúkọ, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n pe tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi padà lọ lọ́la. Ó ń dùn mí gan-an.'"

"Ó parí?"

"Ó parí, mà."

"Sùbúhánálláhì." Ìyá Nasrullah fi ọwọ́ di àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ẹ bá mi padà lọ lọ́la. Ọ̀la yẹn ti di ọdún kan ó lé, ó sì ń gbé e kiri nínú báàgì, ó ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń gbé e lọ sọ́jà. Ìtìjú mú un, àánú ọmọ rẹ̀ sì ṣe é débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Omi dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ó yíjú sí Gbádérọ̀, ó ní, "Nígbà tó ń sọ̀rọ̀, kí ni nǹkan tó ń fi eyín já yẹn?"

Gbádérọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ni, mà. Orúkọ tó sọ yín nìyẹn. Ẹni tó ń fi eyín já òwú."

Ìyá Nasrullah bojú wo àyà rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì télọ̀ wà níbẹ̀ tó fi okùn kọ́ ọrùn, bó ṣe máa ń wà láti ogún ọdún, tí kò sì jẹ́ fi gé òwú. Ọmọ yìí ti ń wò ó. Gbogbo ìgbà tó rò pé òun ló ń ṣọ́ ọmọ, ọmọ náà ń wo òun.

"Ìyá," ni Olúkẹ́mi pè é, ó sún mọ́ ọn. "Àwọn èèyàn ti fọwọ́ sí Ikhlas. Ọjọ́ Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ ni ìpàdé àkọ́kọ́ ní Dúgbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni yóò sì máa wọkọ̀ lọ. Ó ti dàgbà, a ò ní láti bèèrè, ṣùgbọ́n ìyá ni yín. Ṣé ẹ gbà?"

Ikhlas ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n Ìyá Nasrullah, ó ti ṣetán bí ó ti máa ń ṣetán: ọ̀nà Dúgbẹ̀ kò dára, ọkọ̀ ń sáré, ọmọ òun kò fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó gbé e mì.

"Ẹ má bi mí," ni ó wí. "Òun ni kí ẹ bi." Nígbà tó rò ó, ó ní, "Rárá. Ẹ jẹ́ kí èmi bi í."

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà sì dúró sójú kan. Ó ń wá ohun tí yóò fi béèrè. Ó mọ jẹun, ó mọ wá, ó mọ jókòó, ó mọ lọ aṣọ, ó mọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìdínlógún, àṣẹ nìkan ni ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n pa. Kò sí ìbéèrè kan ṣoṣo láàárín wọn.

"Gbádérọ̀, ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé 'kí ni o fẹ́'?"

Gbádérọ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè níwájú àyà, ó sì fà wọ́n díẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó jọ bí a ṣe ń gbọ́wọ́ sókè ṣe àdúà. "Ojú yín náà gbọ́dọ̀ béèrè, mà. Tí ojú ò bá béèrè, ọwọ́ lásán ni."

Ìyá Nasrullah gbìyànjú rẹ̀. Ìka rẹ̀ le, abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù ti mú wọn gan. Ikhlas bọ́ síwájú, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó tẹ àwọn ìka náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi rọ̀. Ìyá rẹ̀ tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ojú rẹ̀ béèrè.

Ikhlas bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, òwú já lẹ́ẹ̀kan, ó já lẹ́ẹ̀kejì. Gbádérọ̀ la ẹnu láti túmọ̀.

Ìyá Nasrullah na ọwọ́ sí i láìmójú kúrò lára ọmọ rẹ̀.

"Má tíì sọ fún mi," ni ó wí. "Jẹ́ kó sọ ọ́ tán ná."