Àmì Orí "Yẹ"

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi, àlá àná ṣì ń bí mi nínú. Akọ̀wé yunifásítì kan ń túmọ̀ "mẹ́ríìtì" sí Yorùbá lórí ìwé ìgbaniwọlé. Níwájú orúkọ àbúrò mi, tí máàkì rẹ̀ ga jù lọ, ó kọ "Ó yẹ." Ó wá fi àmì dò lé e: "Ó yẹ̀." Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àga yẹ̀ nídìí àbúrò mi, ó ṣubú.

"Ẹ pa àmì yẹn rẹ́!"

"Àǹtí, torí àmì kékeré? Ọmọ ọ̀gá wa ló mẹ́ríìtì àga yẹn."

Mo já bírò gbà, mo tún un kọ. Àmì dò ń hù lórí rẹ̀ bí irun. Mo jí, mo ń payín keke.

Má túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Òní ni wọn yóò lẹ orúkọ àwọn tó wọlé mọ́ ògiri yunifásítì, mo sì ti wọ bàtà.